Bàtà Tí Keziah Gbé Lọ Rán Níbòmíràn

Tí ẹ bá dé Anglo Jos, tí ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù Olúsọjí aránbàtà, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ yín kí wọ́n tó dáhùn. Ìwà ọkùnrin náà ti ran gbogbo àdúgbò. Olúsọjí kì í wo ojú ènìyàn. Bí oníbàárà bá wọlé tó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ilẹ̀ ni yóò máa wò, bàtà ni yóò sì dá lóhùn: "Káàárọ̀ o. Ọ̀nà Bukuru lo gbà wá, àbí? O sì sọ fún ìyàwó rẹ pé ibi iṣẹ́ lò ń lọ."

Ó ní ẹnu ń parọ́, ojú ń parọ́, aṣọ gan-an ń parọ́ tí wọ́n bá tún un pa láró, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹ̀ bàtà kò mọ irọ́ í pa. Bí amọ̀ funfun bá há sí ìdí gìgísẹ̀, etí kòtò kùsà àtijọ́ ni ẹni náà ti ń bọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa, ọ̀nà Du. Koríko tó há sójú okùn, Vom ni, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Wọ́n ní ó wo bàtà alàgbà ìjọ kan lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra máa lọ síbẹ̀ yẹn o." Alàgbà náà kò padà wá gba bàtà ọ̀hún títí di òní. Ó ṣì wà lórí pẹpẹ, eruku ti sọ ọ́ di àgbà ju ẹni tó ni í lọ.

Ìfura loògùn àgbà, wọ́n máa ń wí. Láti kékeré ni Olúsọjí ti ń mu oògùn náà, ó sì ti mu ún ju ìwọ̀n lọ. Ìran wọn ló jẹ́. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá, akọ̀wé rélùwéè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Jos tí òtútù kọlù ú, ó fura pé wọ́n ti gbé òun kọjá Nàìjíríà. Ó jókòó sórí àpótí igi rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò dá òun padà sílé. Ọkọ̀ náà pẹ́, ló bá fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Bàbá Olúsọjí ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kùsà. Olúsọjí ló kọ́kọ́ ju gègé nù nínú ìdílé náà, tó gbé abẹ́rẹ́ bàtà. Yorùbá ló ń sọ nílé, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, Hausa ló ń yọ sí i lẹ́nu.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Motún ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Orúkọ ọmọ náà ni Keziah, àmọ́ Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí Keziah fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá bàtà obìnrin. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, ó ti kọjá ti ọkùnrin. Àwọn tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ní àdúgbò ní ológbò kan bí ọmọ mẹ́rin sínú ọ̀kan nínú bàtà rẹ̀, ààyè sì ṣẹ́ kù tí bàbá wọn fi wọlé wá kí ìyá ọmọ.

Kò sí èyí tó bá a mu lọ́jà, nítorí náà bàbá rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo bàtà tó ń wọ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, Olúsọjí a lọ èédú, a fi omi pò ó, a fi pa á ní àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì, a sì ní kó dúró lórí bébà àpò sìmẹ́ńtì. Ojú ẹsẹ̀ a yọ dúdú. A kọ ọdún sí i, a ká a, a sì tì í sínú àpótí igi tí bàbá bàbá rẹ̀ jókòó lé níjọ́sí. Bébà mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń tọ́jú fọ́tò ọmọ.

Ọmọ tó bá ga tó báyẹn, kò sí bí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì ò ṣe ní wá a wálé. Keziah ò kúkú fò kó tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó kàn ń nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé ìgò epo lórí àjà ni. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ilẹ̀kùn méjì ṣí fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Olúsọjí sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó bá ṣàdédé ṣí, ẹnìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èkíní ni lẹ́tà láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Kóòṣì Matthias, ọmọ Du, ẹni tó kọ́ Keziah ní bọ́ọ̀lù, ló bá a kọ̀wé sí wọn. Ọdún mẹ́rin: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, kó ṣáà máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.

"Ọ̀fẹ́ mẹ́ta lẹ́nu ẹyọ kan!" Olúsọjí ní. "Àgbò tí wọ́n ń fún ní koríko ọ̀fẹ́, ta ló rí i kó dàgbà rí?"

Èkejì ni Jíbọ́lá. Iṣẹ́ Jíbọ́lá ni kó máa wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún àwọn kíláàbù òkè òkun. Ó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ kíláàbù kan ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì: kí Keziah wá máa fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́, kó máa gba owó oṣù bí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Ó ní kí wọ́n fún òun lésì kí Sátidé tó kọjá.

Kóòṣì Matthias sì ti là á yé wọn tẹ́lẹ̀. "Ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ ìwé Jíbọ́lá, yunifásítì ò ní gbà á mọ́. Ọ̀kan ni ẹ máa mú. Bí ẹ bá ti mú un, èkejì kú nìyẹn."

Ohun tó rú Olúsọjí lójú ni pé ìwé Tọ́kì ni Keziah ní òun fẹ́. Keziah tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń ya àwòrán ilé sára ògiri, tó ní òun máa kàwé títí òun á fi mọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé alájà mẹ́wàá! Ọmọ náà kàn wolẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Baba, ti Jíbọ́lá ni mo fẹ́," ó sì wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà, Olúsọjí ò sùn dáadáa mọ́. Ó fura sí Jíbọ́lá pé ó ti fi ọ̀rọ̀ dídùn gba Keziah lọ́kàn. Ó fura sí Matthias pé ó mọ nǹkan tí kò sọ. Ó fura sí Motún nítorí pé Motún ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Ṣé kí n máa sunkún ni, Bàbá Keziah? Ọmọ mi ń lọ òkè òkun."

"Jíbọ́lá fún ọ ní nǹkan."

"Ó fún mi. Ó ní 'Ẹ káàsán, Mama.' Ìyẹn tí ìwọ ò fún mi láti ọjọ́ Ajé."

Ní ọjọ́rú, Jíbọ́lá wá kí wọn. Motún gbé pòtétò díndín àti ẹran kalẹ̀ fún un ní pálọ̀. Bí àṣà ilé wọn, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo àlejò ń bọ́ bàtà sí. Olúsọjí ní òun fẹ́ lọ wo ẹni tó ń pe òun níta. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Ó lọ lóṣòó ti bàtà Jíbọ́lá, ó gbé ọ̀kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn iṣu, ó sì fi èékánná họ ìdí rẹ̀. Ó ti retí pé bàtà tuntun ni yóò jẹ́, bàtà oníjìbìtì. Rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Bàtà ẹni tó ń rìn gan-an ni. Kìkì pé gìgísẹ̀ méjèèjì jẹ ní ẹ̀gbẹ́ òde, bíi ti ẹni tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan dúró, kó lè tètè yà bí ọ̀rọ̀ bá di bó ò lọ o yàgò.

"Kò burú," Olúsọjí sọ fún bàtà náà, "kò sì dára."

Bó ṣe fẹ́ dìde ni ojú rẹ̀ bá bàtà básíkẹ́ẹ̀tì Keziah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ìyá ṣe ń lọ sí imú ọmọ. Ó yí bàtà ọ̀tún dé.

Okùn funfun ni Olúsọjí ń lò, tó fi ìda oyin pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gba ihò kan. Èyí tó wà lójú rẹ̀ yìí, okùn búlúù ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni abẹ́rẹ́ gba ihò.

Ọmọ aránbàtà gbé bàtà lọ fún aránbàtà mìíràn! Ká ní ó bá ọkùnrin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ni, ara rẹ̀ ì bá má gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ó padà sí pálọ̀, ó jókòó. Jíbọ́lá ní, "Baba, ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí," ojú rẹ̀ sì wà lára Keziah títí Jíbọ́lá fi jẹ ẹran tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn búlúù kiri Jos. Àwọn tó rí i ní aránbàtà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló bẹ̀ wò, ó ń kí wọn, ó ń yọjú wo abẹ́ tábìlì wọn bí ẹni tí adìẹ rẹ̀ sọnù. Ní Terminus, lábẹ́ igi dongoyaro, ó rí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Malam Lukman. Ìdì okùn búlúù wà létí ọkùnrin náà bíi pẹ́ńsùlù káfíńtà.

Hausa ni wọ́n jọ sọ. "Sannu, Malam," ni Olúsọjí wí, ó sì mú bàtà náà jáde lábẹ́ aṣọ. "Ta ló gbé èyí wá fún ọ?"

Lukman wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Kai! Ọmọbìnrin gíga kan ni. Ó ga, wallahi, mo rò pé òpó iná ló ń kí mi. Ọmọ dáadáa. Ó ní bàbá òun ló ń ṣe bàtà fún òun tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti kú."

"Ó ti kú?"

"Ó ti kú, o. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un, mo ní Allah ya jiƙansa. Mi ò tiẹ̀ gbowó, nítorí òkú náà."

"Èmi ni òkú náà."

"Innalillahi!" Lukman fi àga rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà tó rí i pé òkú náà ń làágùn ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ díẹ̀.

Olúsọjí wá fa ojú ro. "Malam, o mọ òfin iṣẹ́ wa. Aránbàtà kan kì í tú okùn aránbàtà mìíràn láì kọ́kọ́ kí i."

"Ṣé mi ò kí ọ ni? Mo gbàdúrà fún ọ pé kí Ọlọ́run dárí jì ọ́. Ìkíni wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Olúsọjí jókòó sórí àpótí oníbàárà. "Kí lo ṣe sínú ẹ̀?"

"Awọ mẹ́ta. Lábẹ́ gìgísẹ̀, lápá inú. Ó ní kí n ṣe é kó má hàn."

"Nítorí kí ni?"

Lukman wò ó títí. "Haba, Olóògbé. Aránbàtà ni ọ́. Kí ni wọ́n ń fi awọ mẹ́ta gbé gìgísẹ̀ ènìyàn sókè fún?"

Olúsọjí mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Keziah wá gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bá bébà sìmẹ́ńtì nílẹ̀ àti èédú nínú abọ́.

"Baba, ọjọ́ ìbí mi ò tíì tó."

"Ẹni tó ń lọ Tọ́kì, bàtà tuntun ló máa wọ̀ lọ. Bọ́ sí i."

Ọmọ náà wo ẹnu ọ̀nà, ó wo bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀, Olúsọjí sì pa á léèédú, bó ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí ẹsẹ̀ náà ti kéré tó àkàrà. Keziah dúró, ó sọ̀. Olúsọjí ṣí àpótí, ó mú bébà ọdún tó kọjá, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Ti ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ méjèèjì dúdú bákan náà. Ti òní, ẹsẹ̀ òsì dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rí bí eérú, kìkì àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló yọ. Lẹ́yìn ibẹ̀, bébà lásán.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "ta ló jí gìgísẹ̀ rẹ gbé?"

Keziah jókòó sílẹ̀ sáàárín awọ. "Láti ìdíje Kérésì ni, Baba. Mo fò láti gba bọ́ọ̀lù, mo balẹ̀ láìdáa, orúnkún mi dún bí igi. Mo rò pé ó máa lọ."

"O ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Tí wọ́n bá gbọ́, kò sẹ́ni tó máa mú mi mọ́. Ọdún mẹ́rin ni ti yunifásítì. Orúnkún yìí ò lè tó ọdún mẹ́rin. Ti Jíbọ́lá yá. Kó tó bàjẹ́ tán, mo ti rí nǹkan fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin àti Mama."

"Ìdí tí o fi pa mí nìyẹn? Ó dá mi lójú pé o tiẹ̀ ti sin mí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Keziah pẹ̀lú omijé. "Kò sí bí mo ṣe lè gbé bàtà yẹn fún yín. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa yí i dé, ẹ ti mọ̀."

Olúsọjí wo bébà méjèèjì. Gbogbo Jos ló ti fura sí lọ́sẹ̀ yẹn, ó fura sí ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀, ó fura sí Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún un lójoojúmọ́ ni kò bi léèrè ìdí tó fi ń rọra tẹlẹ̀.

Ó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ Adétúndé, ará ilé kejì wọn, tó ń bá wọn tọ́jú ẹran ní ilé ìwádìí tó wà ní Vom. Ìdí tí kò fi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ènìyàn ni pé ó ní àwọn yẹn máa ń parọ́ fún aláìsàn, ẹnìkan ò sì ráyè parọ́ fún màlúù. Adétúndé tẹ orúnkún náà síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó mí kanlẹ̀.

"Ká ní màlúù ni, Ẹ̀gbọ́n, màá ní kí ẹ tètè tà á kí ọjà tó tú. Ènìyàn ni. Ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn lónìí, kò sì gbọdọ̀ fò mọ́."

Ilé ìwòsàn ya fọ́tò orúnkún. Wọ́n ní nǹkan ti ya nínú rẹ̀. Ó ṣeé tún ṣe bó bá sinmi. Bó bá ń fi gbá bọ́ọ̀lù lọ, kò ní ṣeé tún ṣe mọ́.

Sátidé pé. Jíbọ́lá dé pẹ̀lú ìwé àti bírò. Motún tún ti gbé ẹran síwájú rẹ̀. Keziah ò jẹ́ kó jókòó dáadáa kó tó sọ ọ́: orúnkún, Kérésì, awọ mẹ́ta, fọ́tò.

Jíbọ́lá ń jẹun lọ. "Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ yẹn."

"Mo ní orúnkún mi—"

"Mo ní mi ò gbọ́ ọ, àbúrò mi. Tọwọ́ bọ ìwé. Tí o bá débẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n rí i. Bí wọn ò bá rí i, o ti wọlé nìyẹn."

"Bí wọ́n bá rí i, tí wọ́n dá mi padà ńkọ́?"

Jíbọ́lá wo àjà.

"Yunifásítì ti kú nígbà yẹn," ni Olúsọjí wí.

"Baba, ẹ má bínú. Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tèmi."

Motún dìde wẹ́rẹ́, ó gbé àwo ẹran kúrò níwájú Jíbọ́lá pẹ̀lú ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, ẹran ò sí nínú iṣẹ́ tèmi náà."

Gbogbo wọn wá ń wo Keziah. Ilẹ̀ ni Olúsọjí ń wò, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó rí i tí ẹsẹ̀ òsì yí padà lọ sápá ẹnu ọ̀nà yàrá, tí ọ̀tún rọra tẹ̀ lé e. Kí ọmọ náà tó la ẹnu ló ti mọ èsì.

"Ẹ máa gbé bírò yín lọ, Brọ̀dá Jíbọ́lá," Keziah wí. "Mo fẹ́ kọ lẹ́tà, tèmi wà nínú ilé."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí yunifásítì, kò fi nǹkan kan pamọ́, Matthias sì bá a fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò orúnkún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò gbúròó. Ilé wọn dákẹ́ débi pé eku méjì jáde wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ti tì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n ti ti èkejì náà.

Ní ọjọ́ kẹwàá, èsì dé. Obìnrin tó jẹ́ kóòṣì wọn lọ́hùn-ún ní kí Keziah máa bọ̀. Ọdún kìíní, kó má gbá bọ́ọ̀lù rárá, kó kàwé, kí àwọn dókítà wọn tún orúnkún ṣe. Ààyè rẹ̀ á dúró dè é. Ó ní bó bá ṣe pé ìgbà tó débẹ̀ ni àwọn wá rí i pé ó fi pamọ́, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ ì bá jẹ́.

Motún jó yí ilé po. Olúsọjí ń ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kẹta. "Wọ́n mọ̀ pé ó ń tiro, wọ́n sì ní kó máa bọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ fi orúnkún rẹ̀ sebẹ̀," Motún wí.

Bàtà tí Keziah wọ̀ lọ, àwọn méjì ló ṣe é. Olúsọjí lọ pe Lukman wá sí Anglo Jos, wọ́n jọ jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń bú iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Okùn funfun wà lápá òsì, okùn búlúù lápá ọ̀tún. Awọ mẹ́ta wà lábẹ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí awọ pupa ni wọ́n fi ṣe é, kí gbogbo ayé lè rí i. Ní pápákọ̀ òfurufú Heipang, Lukman nawọ́ sókè láti gbé e lé orí ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ò dé e, ló bá gbàdúrà fún èjìká.

Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ kí arábìnrin kan láti ìjọ tó gbé páálí kan ti Amẹ́ríkà bọ̀. Bàtà náà ló wà nínú rẹ̀, ó ti gbó. Keziah kọ ìwé kékeré mọ́ ọn: "Baba, mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù padà láti oṣù mẹ́rin. Ẹ yí i dé, kí ẹ wò ó fúnra yín."

Olúsọjí yí i dé. Gìgísẹ̀ òsì jẹ díẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún jẹ díẹ̀. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ránṣẹ́ pe Lukman láti Terminus.

"Ó dọ́gba," Lukman wí. "Madalla! Ó dọ́gba."

"Ó dọ́gba jù," Olúsọjí wí. "Ta ló mọ̀ bóyá bàtà ẹlòmíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́?"

"Olóògbé! Okùn rẹ nìyí, okùn mi nìyí. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, ta ló tún ní ẹsẹ̀ tó tó èyí?"

Olúsọjí lọ ṣí àpótí igi, ó yọ bébà tó kẹ́yìn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì gbé bàtà ọ̀tún lé orí ẹsẹ̀ tó rí bí eérú. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó dìde, ó nu ojú, ó ní eruku ni. Lẹ́yìn náà ó gbé bàtà méjèèjì sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti alàgbà. Nígbà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó tún yọrí padà wọlé lójijì, bóyá yóò bá àwọn bàtà náà níbi tí wọ́n ti ń fi òun rẹ́rìn-ín.